Ìtì Àràbà Oko Bàbá Mi

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò ṣeé fi ṣe fáàrí. Ọ̀bọ̀ǹbọn ni mò ń kó: yímíyímí tí ń yí ìgbẹ́ kiri, èyí tí ń jẹ òdòdó, àti èyí tó ru ìwo bí àgbò. Mò ń yẹ ẹsẹ̀, ìyẹ́ àti ìwo wọn wò kí n lè mọ èwo ló bá èwo tan, kí n sì mọ ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Yàrá kan ni mo háyà ní Arákàlẹ̀, l'Ákùúrẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyá onílé mi rí i pé ìgbẹ́ màlúù ni mo dì sínú ọ̀rá, tí mo fẹ́ fi dẹ kòkòrò, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Kì í ṣe ulé yìí lo máa gbé ìgbẹ́ yẹn wọ̀, ọmọ mi.”

Wọ́n ní ṣé ibi tí gbogbo ìwé tí mo kà já sí nìyẹn. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá mi nìkan ni kò fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n nílùú Oǹdó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní oko kòkó kan ní Bọ́lọ́rundúró. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí mo bá ti rí ẹ̀yà tó ṣọ̀wọ́n, màá fi àmì dúdú bíńtín sí i lórí máàpù. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, ìbéèrè wọn ni pé ṣé oko àwọn ti wọ máàpù. Màá ní kò tíì wọ̀ ọ́, torí àwọn kòkòrò oko wọn, ibi gbogbo ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn wọ́n bí ẹni pé mo bú wọn.

Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ mú wọn. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá gba ìtọ́jú l'Ákùúrẹ́, wọ́n na agolo mílíìkì kan sí mi kí n tó kúnlẹ̀ kí wọn tán. Òkú ọ̀bọ̀ǹbọn kan ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ṣóńṣó ìwo rẹ̀ sì là sí méjì. Inú àpótí òkú kòkòrò àtijọ́ ní yunifásítì ni mo ti rí irú rẹ̀ rí. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ti rí i nínú igbó lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì àràbà ni àwọn ti rí i, igi ńlá kan tí ìjì wó sóko wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ti jẹrà báyìí, ọ̀gọ̀ngọ̀ funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ọ̀bọ̀ǹbọn, sì kún inú rẹ̀.

Inú ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà nídìí iṣẹ́ yìí dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tíì tó. Kòkòrò tó ń fò lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Àfi ká fojú wa bá a níbi tó ń gbé, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú igi. A dá ọjọ́ tí àwa méjèèjì máa lọ sóko náà, mo sì sọ fún bàbá mi. Ara wọn kò gbé ìrìn mọ́ nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé wọn kò ní pẹ́ lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo sì ń tọrọ ni kí àmì yẹn wọ máàpù kí wọ́n tó lọ.

Bàbá mi kò lè jẹ́ kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa fi ṣòkòtò gbá igbó kiri. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn pàtàkì bá ń bọ̀ lóko, a máa ń ro ọ̀nà dè é. Orí ibùsùn ni wọ́n wà tí wọ́n fi pe àwọn alágbàṣe, wọ́n ní kí wọ́n ro ọ̀nà náà dé ìdí àràbà gan-an, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí koríko kankan dúró.

Nígbà tí a débẹ̀, ọ̀nà náà mọ́ fónífóní. Mo tilẹ̀ ń yangàn. Ẹ̀yìn náà ni mo gbóòórùn èéfín. Àwọn alágbàṣe ti kó koríko tí wọ́n ro jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì náà, wọ́n ti iná bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Iná ti ara koríko wọnú igi tó jẹrà, ó sì ń jó o lábẹ́lẹ̀ títí ó fi di eérú láti ìdí dé orí. Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ sínú eérú gbígbóná náà, wọ́n fi ọ̀bẹ tú u títí òógùn fi mú ẹ̀wù wọn rin gbindin. A kò rí nǹkan kan. Ní gbogbo oko tó yí tiwa ká, kò sí ìtì igi mìíràn tí a lè wá a sí.

Nílé l'Óǹdó, bàbá mi ti wọ agbádá, wọ́n jókòó sórí àga, ìyá mi sì ti gúnyán.

“Ṣé ẹ bá a nílé?”

“A bá a nílé, Bàbá.”

Ọ̀gá mi, tí kì í gbà kí n fi àmì sí ibi tí kò dá wọn lójú, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oko àwọn ti wọ máàpù nìyẹn, wọ́n sì ní kí wọ́n bu ẹran kún ọbẹ̀ àlejò.

Bàbá mi kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò dé, mo padà sí Bọ́lọ́rundúró léraléra. Mo wá a, n kò rí i.

Nígbà tí máàpù náà jáde, ìyá mi ní kí n wá fi oko wa han àwọn. Irọ́ kejì kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Mo sọ fún wọn pé oko wa kò sí níbẹ̀, iná ti jó ìtì àràbà náà kí a tó dé.

“Bàbá rẹ mọ̀,” ni wọ́n wí. “Olórí àwọn alágbàṣe ti pè wọ́n kí ẹ tó toko dé, ó ń sunkún pé iná àwọn ti jó ìtì náà. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ. Wọ́n ní bí o bá ti lè ní o bá a nílé, ká máa bá ọ yọ̀.”

Èmi tí mo rò pé èmi ni mò ń tù wọ́n nínú. Mo gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá mi, mo sì sunkún bí ọmọdé.