Orin Ọkọ̀ Ìyá Rísíkátù àti Ọkùnrin Tó Gé E Lórí

Lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù, ó wo sípíkà, ó wá wo èmi náà.

“Ìyàwó,” ó ní, “ṣé torí kó o lè máa fi orin dá aráyé lára yá la ṣe rán ẹ lọ sí yunifásítì?”

Bàbá mi ló rán mi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò ra bírò kan fún mi rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Àárò rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ mí.

Iṣẹ́ tí mo ṣe títí ogbó fi dé nìyẹn: mo ń gba orin láti ara rẹ́kọ́ọ̀dù sínú kásẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á gbé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo wá, á sọ àwọn orin tó fẹ́ àti èyí tó fẹ́ kó ṣáájú, èmi á sì jókòó ti ẹ̀rọ títí orin á fi parí. Bí orin bá ṣe gùn tó ni ìjókòó ẹ á ṣe gùn tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, o di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá parí, mo máa ń ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Bí eyín yẹn bá ti kán, ẹ̀rọ ò ní gbà kí wọ́n gba nǹkan mìíràn lé orin náà lórí mọ́. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn nígbà náà.

Àwọn olùkọ́ tó ń gbé ní Ìbà ló máa ń wá gba orin rọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, orin kan ṣoṣo ló ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ ẹ lójú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì. Orin onígìtá tó ń han gooro ni, èyí tí olórin náà ń fi gbogbo ọ̀fun pariwo. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ yọ́ wá bá mi.

“Ìyá Kásẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi orin ìjọ sí ojú kejì. Ariwo yẹn ti fẹ́ lé ewúrẹ́ wa kúrò nílé.”

Mo sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun kan làwọn jọ máa ń gbọ́ orin náà ní yàrá àwọn nígbà táwọn wà nílé ìwé. Ọ̀rẹ́ náà lọ sógun abẹ́lé, kò bọ̀. “Bí gìtá yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, mà, mo máa ń rí i bó ṣe ń mi orí.” Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́ pé kí ló ń fi orin kan ṣe.

Ìyá Rísíkátù kò mọ rọ́ọ̀kì. Ẹja ló ń yan létí ọ̀sà ní Òjó, ọmọ Àwórì tòótọ́ ni. Ó wọlé wá bá mi pẹ̀lú ẹja tó fi ewé dì.

“Ìyàwó, ṣé ẹ̀rọ ẹ lè gba ohùn ẹni tí kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù?”

“Ohùn ta ni, mà?”

“Tèmi ni. Àwọn ọmọ mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀.”

Ó ṣàlàyé fún mi. Bí àwọn obìnrin ìdílé wọn bá ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti ọjà, ẹni tó bá jókòó sí ìdí ọkọ̀ ló ń dá orin. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá a títí yóò fi pe orúkọ àwọn ìyá tó ti wa ọkọ̀ náà ṣáájú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó kù sì máa dáhùn. Ọkọ̀ tí wọn ò bá pe orúkọ sí, wọ́n ní bí ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé ló rí.

Mo gbé ẹ̀rọ kékeré lọ sí àgbàlá rẹ̀. Àwọn ọmọ ò sí nílé, nítorí náà èmi ni mo gbè é fún un nínú èéfín, tí omi ń dà lójú mi. Mo ṣẹ́ eyín kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo ń gbọ́ ọ tọ̀sán-tòru kí n tó gbé e fún Ládiípọ̀.

Ẹnjiníà ni wọ́n ń pe Ládiípọ̀ ní ọjà Àlàbá. Ibi tó ti kọ́ ọ, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó lè da kásẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Rísíkátù sì fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Mo gbé ẹyọ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi fún un. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò dé títí ìyá náà fi kú.

Lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ orin náà láti inú sípíkà kan ní Àlàbá. Ibi tí orúkọ àwọn ìyá yẹ kó wà, ohùn ọkùnrin ló ń ké níbẹ̀: “Ẹnjiníà Ládiípọ̀ ló gbé e jáde fún ìgbádùn yín!” Ó ti ki ìwé rírún bọ ojú ihò eyín kásẹ́ẹ̀tì, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ lé àwọn òkú lórí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

“Ládiípọ̀, orúkọ àwọn ìyá yẹn dà?”

“Mọ̀dáàmù, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló ń ra orúkọ? Orin ni wọ́n ń rà.”

Ọkùnrin tó ń ta sípíkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún gbé àga fún mi. Mi ò jókòó.

Ó ti pẹ́. Àwa tá a ti fẹ̀yìn tì ní Ìbà ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan lọ́sàn-án Sátidé, kí kálukú mú orin kan wá kó sì sọ ohun tó rán an létí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní Ládiípọ̀ máa mú orin ọkọ̀ wá. Mo ránṣẹ́ sí Rísíkátù, tóun náà ti di ìyá àgbà. Kò sí ẹnì kankan tó kù nílé wọn tó mọ orúkọ àwọn ìyá yẹn tán, ó sì fẹ́ gbọ́ wọn lẹ́nu ìyá rẹ̀ kóun náà tó lọ. Mi ò tíì sọ fún un pé Ládiípọ̀ ti pa wọ́n rẹ́.

Nígbà tọ́jọ́ náà pé, Ládiípọ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Igbe rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orin.

“Èmi ni mo jókòó ti ìyá náà lọ́jọ́ yẹn,” ó ń sọ fún gbogbo wa. “Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!”

“Orúkọ ńkọ́, bàbá?” Rísíkátù bi í.

“Orúkọ wo? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Ojú obìnrin náà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo dìde.

“Ládiípọ̀, ta ló ń gbè é lẹ́yìn ìyá yẹn?”

“Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni.”

“Ọmọ rẹ̀ rèé. Bi í.”

“Kì í ṣe èmi o,” Rísíkátù dáhùn. “Kò sí ọ̀kankan nínú wa nílé lọ́jọ́ náà.”

Mo gbè é níbi tí mo dúró sí: “Ìyá wa ni, ó wà lọ́kọ̀.” Ohùn mi ti há, ṣùgbọ́n ẹni tó bá létí mọ̀ pé ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà ni. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo fà mọ́ Rísíkátù, mo sọ orúkọ kìíní sí i létí, torí kì í ṣe ẹnu tèmi ló yẹ kó ti jáde.

“Ayọ̀ká!” ó pè.

“Ìyá wa ni, ó wà lọ́kọ̀,” àwọn èèyàn dáhùn.

“Mosúnmọ́lá! Àṣàkẹ́! Ọlátòún!” Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń pè é, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó kan ìyá rẹ̀, kò dúró dè mí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ náà kún un.

Ládiípọ̀ ti yọ fóònù rẹ̀, ó ń nà án sókè láti gba orin náà.

“Bàbá,” Rísíkátù wí, kò pariwo, “ẹ gbé ìyẹn sápò. Ẹ bá wa gbè é.”

Ó wojú gbogbo wa. Ó gbé e sápò. Ó gbè é títí orin fi parí, ohùn rẹ̀ ò sì burú rárá. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.