Ohùn Tó Jáde Lábẹ́ Mọ́tò Mummy

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń wá mọ́tò Amẹ́ríkà àtijọ́ kiri South London bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù. Àwọn tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí ni mò ń wá. Wọn ò ṣe púpọ̀, èyí tó kù kò sì tó nǹkan. Ayédèrú wọn ló pọ̀. Àwọn kan á ra èyí tó wọ́pọ̀, wọ́n á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á ní ògidì ni. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló ń tú wọn láṣìírí.

Ìyàwó mi gbọ́ níbi tó ti ń dirí ní Rye Lane pé Mummy kan ní Peckham, opó, ní ọ̀kan nínú gáréèjì. Láti ìrun Jímọ̀ ni mo ti gba ibẹ̀ lọ, tèmi ti jálàbíà funfun.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mummy ò rẹ́rìn-ín. "Dealer kan tó ń ra mọ́tò àtijọ́ ti wá. Ó ní irọ́ ni ọkọ mi ń pa fún mi títí tó fi kú, pé fake ni, kí n jẹ́ kí òun bá mi kó pàǹtí kúrò. Ó ń bọ̀ nísinsìnyí."

"Ẹ jẹ́ kí n wo nọ́ńbà ẹ̀ ná, Mà."

Mo ka ti ara mọ́tò, mo wá wọ abẹ́ lọ wá ti ẹ́ńjìnnì. Mo fi apá aṣọ nu epo dúdú kúrò. Nọ́ńbà méjèèjì bára mu! Kí n tó pariwo, dealer náà wọlé. Mummy rọra fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi pé kí n dákẹ́.

"Mummy, mo ti sọ fún yín, ẹ́ńjìnnì yìí kọ́ ló bá a wá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú, ọmọ mi?"

"Ọlọ́run ń gbọ́ mi, Mà."

Mo mú kí ohùn mi ki bíi ti ìmáàmù lábẹ́ mọ́tò: "Irọ́ lò ń pa!"

"Jésù!" Ó fò sẹ́yìn, ó forí gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo fi yọ jáde, tí epo ti sọ mí di dúdú, ó ti ń lọ, ó ní òun gbàgbé fóònù sínú ọkọ̀. A ò rí i mọ́.

Mummy di ọwọ́ mi mú. "Ọkọ mi ò purọ́ fún mi?"

"Wọn ò purọ́, Mà."

Wọ́n wọlé jókòó sídìí stíárìn, wọ́n sunkún díẹ̀. Mo ní kí wọ́n tà á fún mi. Wọ́n ní kí n sún kúrò lọ́nà, àwọn fẹ́ jáde.

Mo ti rí mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo tiẹ̀ ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sunday, Mummy máa ń fọn fèrè ọkọ̀ wọn níwájú ilé mi bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà á sì yọjú lójú fèrèsé. Mo ṣì máa ń ní kí wọ́n tà á fún mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá gba Jésù.