Wòkè àti Ibùdó Kọkàndínlógójì

Ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọrùn ni ẹ̀wù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti máa ń gbó. Ti ọkùnrin yìí, ẹ̀yìn ni. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ fi ń lẹ ẹ̀yìn ẹ̀wù fún un, tí yóò máa ní òun kò mọ̀ pé ọ̀lẹ ni òun fẹ́, ẹni tí ìjọba ń sanwó fún nítorí pé ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ rárá. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó ló gbà á síṣẹ́. Òun ló ń wá ibi tí àwọn tó fẹ́ràn àtimáa sùn nínú igbó yóò ti pàgọ́, yálà láàárín igbó fúnra rẹ̀ tàbí ní àwọn erékùṣù inú adágún omi ńlá tó wà lẹ́yìn igbó náà. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti tún ṣe, tó ní ẹ̀rọ omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti iná mànàmáná. Ìyẹn wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sẹ́ni tí kò lè rí i. Ibi tí kò sí nǹkan kan ni tirẹ̀: ilẹ̀ lásán, òkúta díẹ̀ tí wọ́n tò yí ojú iná ká, àti èèkàn igi kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ẹni tó bá pàgọ́ sí ọ̀kan kò gbọdọ̀ rí ẹni tó wà ní èkejì, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Yóò ru omi tó máa mu wá, yóò sì ru ìdọ̀tí rẹ̀ padà lọ sílé.

Bí ọkùnrin náà bá dé ibi tó wù ú, yóò ka àádọ́rin ìṣísẹ̀ láti etí omi. Yóò da ife omi kan sílẹ̀, yóò wo bí ilẹ̀ ṣe yára mu ún tó. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ báàgì kalẹ̀, yóò dùbúlẹ̀ gbalaja níbi tí orí ẹni tó ń sùn máa wà, yóò sì máa wo òkè fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀ka tó ti kú ló ń wá. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ agẹgi ló kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án pé ẹni tó wà lóòró kò lè rí ẹ̀ka gbígbẹ tó sá pamọ́ sáàárín ewé tútù, torí ọrùn yóò ti máa ro ó kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ ló máa ń ráyè wò ó dáadáa.

Ní ọdún tó kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, atukọ̀ tó gbé e lọ sí erékùṣù kan retí rẹ̀ títí, kò rí i. Ó wá a wọ inú igbó, ó sì bá a nílẹ̀, tó la ojú sílẹ̀, tí kò mira.

Ni atukọ̀ bá figbe ta. "Yéè! Mo gbé! Òṣìṣẹ́ ìjọba kú mọ́ mi lọ́wọ́ o! Wọ́n á ní èmi ni mo pa á!"

"Panu mọ́ jàre. Mò ń wòkè ni."

"Kí ló wà lókè? Ṣé àwọn áńgẹ́lì ló ní kó o dúró dè wọ́n?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ Wòkè. Nígbà tó yá, àfi ìwé owó oṣù rẹ̀ nìkan ló kù tó rántí orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Yàrá mẹ́ta onípáànù lẹ́bàá títì ni ọ́fíìsì wọn. Máàpù ńlá kan wà lára ògiri yàrá àárín, ibẹ̀ ni Wòkè ti ń gún pínnì olórí pupa sí ibùdó kọ̀ọ̀kan tó bá rí. Pínnì méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀ nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́ tó lọ wá ìkọkàndínlógójì, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Erékùṣù kékeré kan ni, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, igi ńlá mẹ́ta sì ṣíji bò ó. Ẹni tó bá rí i yóò fẹ́ jókòó síbẹ̀. Wòkè ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ó pé. Ilẹ̀ tutù rinrin. Ìdí ti ń ro ó láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé kó tó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́. Atukọ̀ sì ń pariwo létí omi pé afẹ́fẹ́ ti ń dìde, pé bí ó bá fẹ́ di ará erékùṣù, kó sọ fún òun kí òun máa lọ. Wòkè gbójú sókè níbi tó dúró sí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ewé tútù ló rí. Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Níwájú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a ti yẹ òkè wò, ó fa àmì sí i. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó sì lọ bá ọkọ̀.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ti po omi ọṣẹ sínú bàsíà de ẹrẹ̀ tó mọ̀ pé yóò gbé bọ̀. Ó gba ẹ̀wù náà, ó yí i padà.

"Baálé mi, ẹ ò ṣiṣẹ́ lónìí o. Ẹ̀yìn ẹ̀wù yín mọ́ bí ọjọ́ tí mo rán an."

"Òjò ló rọ̀."

"Òjò rọ̀, ẹ wá di gbajúmọ̀!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé girama, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lọ pàgọ́ lóun nìkan sí erékùṣù náà lásìkò ìsinmi. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ní ìdájí. Ẹ̀ka kan já lórí igi àárín, ó sì bọ́ lu àgọ́ náà. Àwọn apẹja méjì ló rí òkú rẹ̀ nígbà tó di ọ̀sán.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣeré, mú fọ́ọ̀mù ibùdó kọkàndínlógójì jáde nínú fáìlì. Ó rí àmì tí Wòkè fà sí i. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn òbí olóògbé pé afẹ́fẹ́ ló fa ìjàǹbá náà, pé kò sí ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi Wòkè ní nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ kàn án léjìká tí wọ́n ń kí i kú ọ̀fọ̀, bíi pé ọmọ tirẹ̀ ló kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì yí i.

"Erékùṣù ọjọ́ òjò yẹn ni, àbí?"

"Òun ni."

Kò bi í ní ìkejì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá ń lẹ ẹ̀wù fún un, kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Wòkè yọ pínnì náà kúrò lára máàpù. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ sí ibùdó méjìdínlógójì tó kù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dùbúlẹ̀ ní ìdajì wákàtí níbi tó ti máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì ní aláàánú èèyàn ni, pé ikú ọmọ ọlọ́mọ kò jẹ́ kó gbádùn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, yóò wábi gbà jáde.

Ó ku díẹ̀ kí ọdún yípo nígbà tí ìyá ọ̀dọ́kùnrin náà wá. Ó wọ bàtà òjò tuntun tí ìwé iye owó ṣì lẹ̀ mọ́ nísàlẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí ibẹ̀. Ọ̀gá pe Wòkè, torí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà náà tó o.

Atukọ̀ kò dápàárá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń rìn wọ inú igbó lọ, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o, mo dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́."

"Rárá o, mà. Kò sí wàhálà."

"Ọkọ mi ò mọ̀ pé mo wá. Kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn sétí. Ó ní àìbìkítà ló pa á. Òótọ́ ni, láti kékeré ló ti máa ń sọ kọ́kọ́rọ́ nù, á gbàgbé ìwé sínú ọkọ̀, á gbàgbé iná lórí sítóòfù. Nígbà kọ̀ọ̀kan ni bàbá ẹ̀ máa ń ní, 'Ọmọ yìí, ọjọ́ kan lojú ẹ máa là.' Ó ti kó gbogbo fọ́tò ẹ̀ sínú páálí. Ó ní ta ló lójú tó máa lọ sùn sábẹ́ ẹ̀ka tó ti kú?"

Wọ́n dé ibẹ̀. Ẹ̀ka náà ṣì wà nílẹ̀, ó nípọn tó itan àgbàlagbà, àwọn apẹja ti gé e sí méjì kí wọ́n lè gbé e kúrò lórí àgọ́. Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó wá gbójú sókè níbi tó dúró sí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ igbó. Ọmọ mi, ṣé ó yẹ kó rí i?"

"Kò sẹ́ni tó lè rí i, mà," ni Wòkè sọ.

"Ohun tó wà nínú lẹ́tà yín náà nìyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Bàbá ẹ̀ ní kí ló kù tí ìjọba máa sọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó yíjú padà. Wòkè rí i pé bí obìnrin yìí bá fi lè wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn. Òun yóò fẹ̀yìntì wọ́ọ́rọ́wọ́, olùkọ́ náà yóò sì wà nínú páálí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dúró."

Ó dúró.

"Èmi ni mo yan ibí yìí. Iṣẹ́ mi ni pé kí n dùbúlẹ̀, kí n yẹ òkè wò kí ẹnikẹ́ni tó pàgọ́ síbí. Ọmọ yín rí nọ́ńbà lára èèkàn yẹn, ó gbà pé ẹnì kan ti bá òun wò ó. Ohun tó yẹ kó gbà nìyẹn, gbogbo wọn ló ń gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò wò ó. Ilẹ̀ tutù lọ́jọ́ yẹn, ìdí sì ń ro mí. Ìdúró ni mo wà tí mo gbójú sókè. Mo wá fa àmì sí ìwé pé mo ti wò ó."

Obìnrin náà wo èèkàn náà.

"Ìdí ń ro yín." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò yé e lójú ìwé ló ṣe sọ ọ́. "Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ìyàwó mi mọ̀. Mi ò sọ fún ẹlòmíì."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wòkè mú fọ́ọ̀mù kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó fi orúnkún ṣe tábìlì. Nígbà tó kọ ọ́ tán, obìnrin náà kà á, ó fìka lé ìlà kan.

"Ẹ ti kọ ọ́ síbí pé ọmọ yìí ò jẹ̀bi. Kò tó. Ẹ kọ ọ́ pé kò ṣe àìbìkítà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ẹ̀ máa ń sọ nìyẹn, òun ni kẹ́ ẹ kọ."

Ó kọ ọ́, ó sì fi orúkọ rẹ̀ gan-an sísàlẹ̀.

Nínú ọkọ̀, iwájú pátápátá ni obìnrin náà jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, kò gba ọwọ́ tí Wòkè nà sí i. Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ má lọ rò ó pé mo ti dárí jì yín o," ló wí.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Wòkè lọ bá ọ̀gá rẹ̀, tó sì jẹ́wọ́. Ọ̀gá gbá fáìlì náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. "Bàbá Wòkè, ọ̀rọ̀ tí a ti pa dé! Kí lẹ tún ń ṣí i sí?" Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá lókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìdáhùn dé. Wọn kò lé Wòkè, wọ́n gba báàgì àti máàpù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í jókòó sí yàrá iwájú kó máa júwe ọ̀nà fún àlejò. Atukọ̀ yọjú lọ́jọ́ kejì, ó wò ó lórí àga, ó ní, "Wòkè, ṣé páànù lò ń wò báyìí?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí bàbá olùkọ́ náà tó wá. Ọkùnrin gíga, tó tẹ̀ díẹ̀ léjìká, ó mú ìwé kan jáde nínú àpò àyà.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

Wòkè dìde. Ó ti mú ọkàn le de ìgbájú. "Èmi ni, sà."

Bàbá náà kò gbá a. Àga àlejò ló fà, ó jókòó, ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ tẹ́ ojú ìlà ibi tí wọ́n ti ká a.

"Nígbà tí mo gbà pé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ fà á, mo rẹ́ni bínú sí. Ìbínú yẹn ló ń gbé mi dìde láàárọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bú òkú. Ìyá ẹ̀ ti wá gbé fọ́tò ẹ̀ síta, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mi ò lè wọ pálọ̀ mi mọ́."

Wòkè ṣì wà lóòró.

"Ìwọ wá bá wa sọ òótọ́, ó dáa, o ti sọ ọ́. Ìwọ rí ìyá ẹ̀ tó o lè bẹ̀. Èmi ńkọ́? Ta ni kí èmi bẹ̀?"

Tọkọtaya kan kanlẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ìwé ọ̀nà. Wòkè ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró síta díẹ̀. Bàbá náà dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì doríkọ ẹnu ọ̀nà.

"Sà, ẹ gbàgbé ìwé yín."

"Mi ò gbàgbé ẹ̀," ni bàbá náà wí, kò wẹ̀yìn. "Mo ti mọ̀ ọ́n sórí."