Káàdì Ńlá Tí Kámẹ́rà Mi Kọ̀

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí nítorí káàdì kékeré kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi tán.

Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Osi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Isolo, ti ń gbé ní Isolo-Opin látìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ọkọ ti kú, ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì, orúnkún ò sì gbé e dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt ní òun ń bọ̀ wá fi mọ́tò gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé. Màmá gbà. Àmọ́ ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun ya fọ́tò gbogbo àyíká òun, kí n sì fọ̀ ọ́ ní ńlá ńlá kí ojú òun lè rí i. Ó ní òun fẹ́ kó ulé òun dání. Ulé là ń pe ilé lọ́dọ̀ wa.

Ẹ lè bi mí pé fóònù mi ńkọ́? Lẹ́ńsì rẹ̀ ti fọ́ látọjọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ọ̀kadà. Kámẹ́rà àtijọ́ kan ni mo ní, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi, Brọ̀dá Dàpọ̀, fún mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Káàdì 4GB kan tó ń kó fọ́tò sí wà nínú rẹ̀, ó sì ti kún. Fọ́tò bàbá wa ló wà níbẹ̀, èyí tí Brọ̀dá yà lọ́jọ́ tí wọ́n jọ lọ sóko iṣu kẹ́yìn. A ò ní i síbòmíràn. Mi ò ní kọ̀ǹpútà.

Torí náà, mo gbọ́dọ̀ ra káàdì mìíràn. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ta nǹkan fóònù lójú títì Osi ní kí n ra 128GB, pé mi ò ní ra òmíràn mọ́ títí màá fi darúgbó. Mo pe ọ̀rẹ́ mi Bísí, tó ń ya fọ́tò ní Iloffa. Ó ní rárá, kí n ra 16GB méjì, torí bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á ṣì wà. Ó bi mí pé irú kámẹ́rà wo ni, nẹ́tíwọọ̀kì sì já. Mo pe Brọ̀dá Dàpọ̀. Òun ní èyí tó bá wù mí ni kí n rà, pé ojú ihò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mo bi ọlọ́jà pé fọ́tò mélòó ni 128GB máa gbà. Ó ní ọwọ́ kámẹ́rà ló wà. Mo ní ọwọ́ kí ni nínú kámẹ́rà?

"Àǹtí, ẹ ṣáà ra ńlá," ló wí.

Mo ra ńlá. Mi ò tiẹ̀ mú kámẹ́rà dání tí mo fi lọ rà á.

Láàárọ̀ Fráídè, mo gun ọ̀kadà lọ sí Isolo. Màmá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé. Mo ki káàdì tuntun bọ kámẹ́rà. Kámẹ́rà kọ ọ́ sójú pé òun ò lè lo káàdì yìí. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Ohun kan náà. Mo pa kámẹ́rà, mo tàn án. Ohun kan náà. Káàdì tó lè gba gbogbo ìlú, kò gba ẹyọ fọ́tò kan.

Màmá bi mí pé ṣé òun jókòó dáadáa. Mo ní ẹ jókòó dáadáa, mà.

Nígbà tó yá, mo jẹ́wọ́. Mo ní káàdì tuntun ò ṣiṣẹ́, èyí àtijọ́ sì ti kún. Ó ní kí ló kún inú rẹ̀? Mo ní fọ́tò Bàbá ni. Ó na ọwọ́.

"Gbé e wá, kí n rí i."

A jókòó pọ̀, ó gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ń fi ọkọ́ kọ ebè. Bàbá tó kọ ẹ̀yìn síni. Ebè lásán. Sálúbàtà Bàbá nìkan.

"Pa èyí rẹ́," ó ní. "Sálúbàtà ni."

Mo ní mi ò lè pa á rẹ́, Màmá. Bàbá mi ni.

"Àbúrò mi ni kó tó di bàbá rẹ, Ṣadé. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Pa á rẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà fi han wá pé àyè fọ́tò kan ti ṣí. Ẹyọ kan péré. Bá a ṣe ṣe é nìyẹn o: a pa ọ̀kan rẹ́, a ya ọ̀kan. Sálúbàtà di ààrò Màmá. Ebè di igi ọsàn tí ọkọ rẹ̀ gbìn. Ẹ̀yìn Bàbá di Màmá Rèbékà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tó rọra rìn wá tó sì jókòó tì í.

Nígbà tá a pa mọ́kànlá rẹ́, ó ku kí n ya iwájú ilé. Fọ́tò tó kàn ni ibi tí Bàbá ti ń mu omi nínú kèrègbè, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ hàn dáadáa. Mo gbé ìka lé e. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Mo mọ bí iwájú ilé mi ṣe rí."

Wọ́n gbé e lọ ní Sátidé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé kámẹ́rà lọ bá Bísí ní Iloffa. Ó ṣí ilẹ̀kùn ibi tí káàdì ń wọ̀, ó fi lẹ́tà SDHC tí wọ́n kọ síbẹ̀ hàn mí. Ó ní kámẹ́rà àtijọ́ tó bá ní irú rẹ̀ kì í ka káàdì tó ju 32GB lọ, torí SDXC, irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ni 128GB. Ìyẹn yé mi díẹ̀. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó ní RAW ni Brọ̀dá gbé kámẹ́rà sí, pé fọ́tò RAW, tí kámẹ́rà kì í fún pọ̀, wúwo púpọ̀, pé ká ní mo ti yí i sí JPEG tó fúyẹ́ ni, àyè fọ́tò kan ìbá gba mẹ́rin.

Ṣé ẹ gbọ́? Mẹ́ta péré là bá pa rẹ́. Mo bi í bóyá a lè rí mọ́kànlá yẹn padà. Ó ní fọ́tò tuntun ti jókòó sí àyè wọn.

Ó kó èyí tó ṣẹ́kù sínú kọ̀ǹpútà, ó tún kó o sínú fláàṣì fún mi. A fọ àwọn tí mo yà ní Isolo ní ńlá ńlá, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Port Harcourt. Màmá ní wọ́n dára. Kò béèrè ohunkóhun nípa àwọn tá a pa rẹ́, èmi náà ò sì tíì sọ fún un pé mẹ́ta péré ì bá tó. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ.

Ohun tí mo kọ́ rèé: ẹ má ra káàdì torí pé ó tóbi. Ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ sọ́jà, ẹ wo èyí tó lè kà, ẹ dán an wò níbẹ̀. Ẹ béèrè bí fọ́tò kan ṣe wúwo tó kẹ́ ẹ tó ka GB. Fọ́tò ẹni tó ti lọ, ẹ má fi í síbì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Fọ́tò wo lẹ fọwọ́ ara yín pa rẹ́ rí, tí ọkàn yín ṣì ń wá kiri?