Nígbà Tí Wọ́n Rò Pé Wolé-wolé Ni Mí

Láyé ìgbà náà, àwọn ará Pápá Àjàó kì í bẹ̀rù olè tó wolé-wolé. Bí ọkùnrin oníkakí yẹn bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á da omi tó ní tanwíji nù, wọ́n á sì tilẹ̀kùn gbọin. Ẹni tó bá bá ìdọ̀tí nílé rẹ̀, kóòtù ló ń gbé e lọ.

Irú kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ni ìjọba wá fún àwa nọ́ọ̀sì tí a ń lọ wo abiyamọ nílé. Inú mi dùn gan-an, nítorí ẹsẹ̀ ni mo ti ń fi rìn. Ìyá mi nìkan ló ń kùn pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Múṣín. Mo ní ẹni tó bá lè sáré bá mi ni.

Ilé tí mo kọ́kọ́ gùn ún lọ ni ti ìyàwó bírikìlà kan tó bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà kéré, kì í mu ọmú dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà wá pé ó lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí mo ṣe yà sí àdúgbò wọn ni àwọn ọmọdé figbe ta: “Wolé-wolé ti dé o! Lédì wolé-wolé!”

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ilé ti pa lọ́lọ́. Mo kanlẹ̀kùn títí, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹnìkan dáhùn láti inú ilé pé, “Kò sẹ́nìkankan nílé!” Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ta ilẹ̀kùn náà nípàá. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tí mò ń wá kò kúkú lè dìde ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rántí pé wolé-wolé kì í kí ènìyàn. Láti ìkóríta ni mo ti ń pariwo: “Ẹ kú ewu ọmọ o! Ìyá ọmọ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́?”

Ta ló máa gbọ́ ẹ kú ewu tí kò ní dáhùn? Ìyá ọkọ ìyàwó náà ké láti inú ilé, “A dúpẹ́ o! Ẹ̀yin náà á bí tiyín láyọ̀!” Ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ara ọmọ náà gbóná, kò tilẹ̀ lè di ọmú mú mọ́.

“Màmá, ọsibítù ni o. Kí ìyá ọmọ jókòó sẹ́yìn mi.”

“Lórí kẹ̀kẹ́ gọ́mìnà?”

“Orí ẹ̀ náà ni, Màmá.”

Ìyá ọmọ gbé ọmọ mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ kan dì mí níbàdí mú. Ìyá ọkọ káṣọ sókè, wọ́n ń sáré níwájú: “Ẹ yàgò! Nọ́ọ̀sì wa ló ń bọ̀ o!”

Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́, wọ́n dá wa dúró síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe jẹ́ kó hàn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà gba ọmú, a gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Ìyá ọkọ kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo kéré sí ọmọ wọn. Mo sáré kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde. Wọn ò dìde. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, à ń sunkún, à ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò sì wo ojú ẹnìkankan, ó ń mu ọmú tirẹ̀ lọ.