Ebè Tí Wọn Kò Jẹ́ Ká Wa Wò

Lẹ́yìn òjò, òórùn ilẹ̀ oko iṣu máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú yàrá eré mi ní Manigri, á dàpọ̀ mọ́ òórùn wáyà gbígbóná àti òógùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó há ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì. Títí di òní, bí òórùn méjèèjì yẹn bá pàdé nímú mi, inú á bí mi. Má fi mí rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Yàrá kan péré ni, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó lọ sí Bassila: tẹlifísọ̀n méjì, ẹ̀rọ eré méjì, àti manẹ́ẹ̀tì tí a fi ń darí eré, tí mo ti fi rọ́bà dì káàkiri. Kí n tó ṣí i, alùpùpù ni àwọn ọmọ Manigri ń gùn lọ sí Bassila láti lọ gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifísọ̀n. Nígbà tí mo ṣí i, wọ́n padà wálé. Àfi bí ọkùnrin kan tó ní yàrá eré ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bassila ṣe kéde pé eré bọ́ọ̀lù tuntun tó ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ ní in. Kíá ni bẹ́ǹṣì mi ń ṣófo. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá mi ni mo máa tì.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sanwó sílẹ̀. Ẹni tó bá tètè san án, wọ́n á ṣí i fún un ṣáájú, wọ́n á sì fún un ní àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí ẹni tó pẹ́ kò ní rí láé. Wọ́n gbé fídíò kékeré kan jáde. Koríko pápá ń dán, òógùn ń ṣàn lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù, a sì wò ó lórí fóònù mi títí iná fi tán nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tó ń sanwó eré tí kò tíì jáde. Irọ́ ni! Ẹ̀rù ló ń bani, pé kí gbogbo ẹgbẹ́ ẹni máa sọ̀rọ̀ ohun tí èèyàn ò tíì rí. Adùn náà sì wà níbẹ̀: ká jọ máa retí nǹkan kan, ká jọ máa jiyàn lé e lórí, eré nìyẹn fúnra rẹ̀. Ní tiwa ní Manigri, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ti mọ́ wa lára láti sanwó ohun tó ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Oníṣòwò á dé nígbà tí ewé iṣu ṣì tutù, á ní òun fẹ́ ra oko lódidi. Olóko á gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́, á ní, "Yan ebè tó bá wù ọ́." Oníṣòwò á rìn káàkiri, òun fúnra rẹ̀ á yan ebè kan, á wa á, á wo iṣu tó wà nísàlẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ àpò. Bí ìyókù bá wá bàjẹ́, olóko á fi ti ibòmíràn dí i. Lọ́dún tí ikán jẹ iṣu wa, bàbá mi kó èbù tí à bá gbìn, ó kó o fún oníṣòwò. Gàrí la jẹ lọ́dún náà títí ó fi sú wa. Kò sẹ́ni tó pe bàbá mi lẹ́jọ́ kó tó ṣe é.

Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi. Àwọn ọmọ tó ń wá gbá bọ́ọ̀lù náà san owó tiwọn fún mi sílẹ̀, kí wọ́n lè kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo da tèmi lé e, mo fi fóònù san án. Ìyá mi ń sun iṣu lẹ́nu ọ̀nà.

"Ebè wo lo wa wò?"

"Ìyá, wọ́n ti fi fídíò hàn wá."

"Ta ló yan ebè náà?"

Mo ní kí ìyá mi fi mí sílẹ̀, pé ayé ti yí.

Lọ́jọ́ tí eré náà jáde, yàrá mi kún dẹ́nu. Àwọn tó ti sá lọ sí Bassila padà wá, ẹnì kan tiẹ̀ ti Pénéssoulou wá. Ẹ̀rọ ní ká dúró kí òun fa nǹkan láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. A dúró, a dúró. Nígbà tó ṣí, haà! Gólì kò lójú, kò nímú. Bọ́ọ̀lù gba inú ikùn rẹ̀ kọjá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù rì sínú koríko dé orúnkún, gbogbo rẹ̀ sì dúró gbagidi. Mo pa á, mo tàn án, ó tún dákẹ́. Mẹkáníìkì kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rà yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnì kan pe Bassila: bákan náà ló rí níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sórí fóònù wa, wọ́n dúpẹ́ fún sùúrù wa, wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Sùúrù wo? Ta ló bá wọn sọ̀rọ̀ sùúrù? Wọ́n mọ̀! Èèyàn kì í ru iṣu jíjẹrà kó má gbóòórùn rẹ̀. Fídíò tó ń dán yẹn, ebè tí olóko fúnra rẹ̀ yàn ni, tó da ajílẹ̀ sí, tó wá wa á níwájú wa. Mo fi Faransé kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dá owó wa padà. Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo lè lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń wá, n kò rí i.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyẹn mọ ẹnu ọ̀nà tèmi. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti jókòó síbẹ̀. Wọn ò bú mi, ńṣe ni wọ́n ń kí mi, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dáadáa lẹ jí?" Ìkíni yẹn ta mí lára ju èébú lọ. Owó ti lọ, n kò ní òmíràn. Mo kó wọn lọ sí oko mi lẹ́yìnkùlé, mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo ní, "Kí kálukú yan ebè tó bá wù ú."

Mẹkáníìkì yẹn ló kọ́kọ́ wa tirẹ̀. Iṣu náà tóbi dáadáa. Ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiyín dáa ju tiwọn lọ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mò ń wo iṣu mi bó ṣe ń lọ lórí wọn, mo sì ń ronú pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí èmi ń san gbèsè wọn yìí kò ní mọ̀ láé pé ìlú kan ń jẹ́ Manigri.

Wọ́n tún eré náà ṣe nígbẹ̀yìn, nígbà tó ti sú gbogbo wa. Yàrá mi kò tì o, nítorí àwọn tó wa iṣu mi ló ń wá títí di òní. Nígbà tó tún di ọdún kejì, mẹkáníìkì gbé fóònù wá, ó ní tuntun ń bọ̀, kí n yára sanwó. Mo wo fídíò náà: koríko tún ń dán. Mo dá fóònù náà padà fún un. Ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ ti fi ọkàn tán ni, ẹni tó bá sì gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè jókòó sí.

Mo ti gbé ọkọ́ kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá eré mi. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó mi sílẹ̀, kó wá kọ́kọ́ gbé e lé mi lọ́wọ́.