Wáyà Kílọ́ọ̀ṣì Ìjàpá Bàbá Mi

Ìjàpá ni àwọn èèyàn máa ń pe irú ọkọ̀ tí bàbá mi ní, torí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Àgbàlá ilé wa ní Òkókómáíkò ló ń gbé, lábẹ́ páànù, bàbá mi sì máa ń fọwọ́ pa á lára láràárọ̀, nítorí ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ń gbé ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ránṣẹ́ pé òun kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, kí àbúrò òun tètè wá kí òun kí ọlọ́jọ́ tó dé. Bàbá mi ní àwọn máa lọ, ṣùgbọ́n inú ìjàpá àwọn ni. Mo ní ká wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, mo ní kí n háyà takisí. Wọ́n ní ṣé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni kí àwọn wọ̀ lọ bá ẹni tó gbàdúrà sí ọkọ̀ àwọn lọ́jọ́ tí àwọn rà á. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n ìjàpá náà kò ṣeé wà, wáyà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló já. Okùn irin gígùn kan ni, tó gba abẹ́ ọkọ̀ láti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ibi ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà. Bí kò bá sí, jíà kò ní wọlé.

"Orijínà ni wáyà yẹn," ni bàbá mi wí. "Ọgbọ̀n ọdún ló lò. O ò gbọdọ̀ ra fékì sínú ọkọ̀ mi."

Èmi náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè tètè rẹ́ jẹ, tàbí bí mo ṣe rò nìyẹn. Mo lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò lẹ́bàá Ìyànà-Ìbà. Ọ̀gá ìsọ̀ náà fi pákò sẹ́nu, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orijínà lẹ ń fẹ́ ni, àbí orijínà-orijínà?" Mo béèrè ìyàtọ̀ wọn. Ó ní orijínà máa ń já, orijínà-orijínà náà máa ń já, ṣùgbọ́n ìkejì yìí kì í tètè já. Ó yẹ kí n ti sá níbẹ̀. Mo ra orijínà-orijínà, nínú páálí tó ń dán. Mẹkáníìkì wa, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tún ìjàpá yẹn ṣe kí n tó hu irùngbọ̀n, bá mi fi sí i. A dé ẹnu géètì, ó já. Kò tilẹ̀ jẹ́ ká fojú kan títì.

Mẹkáníìkì wo páálí náà, ó wo èmi náà. Ó ní páálí yẹn nìkan ló jẹ́ orijínà. Ó ní tòkúnbọ̀ ni kí n lọ rà, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ lókè òkun, torí páàtì tó ti lo ogún ọdún lọ́hùn-ún tí kò bàjẹ́ sàn ju tuntun tí a kò mọ bàbá rẹ̀. Gbogbo wa ní àdúgbò yìí la gba ìyẹn gbọ́. Bí nǹkan bá ti dúdú, tó ní òróró ẹ́ńjìnnì lára, ọkàn wa á balẹ̀.

Mo padà sí ìsọ̀. Ọ̀gá wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú ọ̀kan jáde tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo rántí pé bàbá mi á fẹ́ fọwọ́ kàn án, wọn kò sì fẹ́ràn ìdọ̀tí. Mo bu kẹrosíìnì sínú abọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ wáyà náà. Àkọ́kọ́ dúdú. Ìkejì dúdú. Nígbà tó di ìkẹta, wáyà aláwọ̀ ewé kan yọjú sí mi, tuntun gbáú, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sì wà lára rẹ̀. Ìbejì èyí tó já lẹ́nu géètì ni. Wọ́n kàn kùn ún lóròóró dúdú, wọ́n yí i nínú iyẹ̀pẹ̀, ó bá di ẹni tó ti òkè òkun dé.

Inú bí mi débi pé bàtà tí mo wọ̀ padà sí ìsọ̀ kò bára mu. Ọ̀gá ìsọ̀ gba wáyà lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ó dọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí yẹn lẹ rà, sà. Wọn kì í fọ tòkúnbọ̀. Bẹ́ ẹ ṣe fọ̀ ọ́ yìí, ẹ ti sọ ọ́ di tuntun. Ta ló máa wá rà á lọ́wọ́ mi báyìí?"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ ń mi orí sí i. Ọ̀kan ní ó ya òun lẹ́nu pé ẹni tó kàwé lè ṣe irú rẹ̀. Àṣé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo gbé ẹ̀bi mi, mo forí lé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè wá láti Ọ̀tọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo jókòó ti bàbá mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní kò sí orijínà ní gbogbo agbègbè yìí mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ ká háyà ọkọ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún.

"Ṣé o rántí okùn irin tí ìyá yín máa ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé?"

Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé? Ọ̀sán ọjọ́ kan ló pòórá, èmi ni ìyá mi sì nà fún un, torí wọ́n gbà pé mo ti gbé e tà fún àwọn tó ń ra irin.

"Òun ló wà nínú ọkọ̀," ni bàbá mi wí. "Èmi àti mẹkáníìkì la gé e. Mo fẹ́ sọ fún ìyá yín, ṣùgbọ́n ó ti nà ẹ́ tán."

Inú bí mi, mo sì rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ṣíwájú. Mo pe mẹkáníìkì, òun náà kò wojú mi. Ó ra okùn irin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin ìkọ́lé ní Ìbà, ó ní kí wẹ́dà jó orí rẹ̀, ó fi sí i. Jíà wọlé wẹ́rẹ́.

Mo rọra wa bàbá mi dé Ọ̀tọ̀, ẹ̀mí mi ń fò ní gbogbo kòtò. Mi ò pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a débẹ̀, torí ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú kan lè má jí mọ́. Mo fa bàbá mi lọ́wọ́ wọ yàrá. Ẹ̀gbọ́n wọn ti lajú sílẹ̀. Wọ́n ní ariwo ọkọ̀ àbúrò àwọn ló jí àwọn. Bàbá mi jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má pẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Lọ pa á."

"Tí kò bá jí mọ́ ńkọ́? Báwo la ṣe máa padà?"

"Mo ní kó o gbé mi wá ni," ni wọ́n wí. "Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀ pípadà?"

Ẹ̀gbọ́n wọn sún díẹ̀ mọ́ ògiri kí àyè lè wà fún àbúrò wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde, mo sì pa ọkọ̀ náà.